Bàbà Tó Wà Lórí Igi Ìyeyè

Ọmọ ọmọ mi kan wá bá mi lóṣù tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ sílẹ̀ kí òun máa ra irin àlòkù. Ó ní bàbà inú ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní ẹ́sì, ti gbówó lórí gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ń rí ṣe nídìí ẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé, "Bí wọ́n bá gbé bàbà wá bá ẹ, kí lo máa kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá?" Ó ní, "Grandpa, màá ní kílò mélòó ni." Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n mú gègé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Múfútáù ni orúkọ mi, Kétu ni wọ́n sì bí mi sí, ní ilé àwọn bàbá mi. Ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira ni mo kọ́ṣẹ́. Kétu ìgbà náà kì í ṣe Èkó. Bí a bá ní à ń lọ sí Èkó, ìrìn àjò ni. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn la wà, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló kún ibi tí ẹ mọ̀ sí Mile 12 lónìí, Magodo tí ẹ fi géètì sé sì rèé, igbó tí àwọn ọdẹ ń dẹ ni. Bàbá mi mú mi lọ fún Ọ̀gá Lámídì, ọmọ Ìkòsì tó ní ọgbà irin àlòkù lẹ́bàá títì Ìkòròdú. Wọ́n gbà mí, wọ́n ṣàdúrà, ó parí. Ẹ má bi mí léèrè owó oṣù. Ọmọṣẹ́ ìgbà náà ń jẹun láàárọ̀, ó ń jẹun lálẹ́, ó sì ń jẹ èébú lọ́sàn-án.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fọwọ́ kan òòlù. Ọ̀gá máa ń fi aṣọ dì mí lójú, wọ́n á da irin jọ síwájú mi, wọ́n á ní kí n ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bàbà, idẹ, òjé, irin lásán. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi èékánná ta á kí a lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ́ òórùn tí idẹ máa ń fi sílẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni. Bí mo bá ṣi ẹyọ kan péré mú, Ọ̀gá ò ní nà mí. Wọ́n á kàn fẹsẹ̀ da gbogbo òkìtì náà pọ̀, wọ́n á ní, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀." Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Lọ́jọ́ kan mo ṣà á lẹ́ẹ̀mẹrin, omijé sì rin aṣọ tí wọ́n fi dì mí lójú. Ìyàwó wọn jáde wá bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá ní, "Má dá mi dúró. Ojú máa ń tan èèyàn jẹ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ yìí mọ òtítọ́ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí wọ́n wá tú aṣọ lójú mi, ìbéèrè ni wọ́n kọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé bàbà tàbí idẹ wọ ọgbà wa, ìbáà jẹ́ ìjòyè, a gbọ́dọ̀ bi í: Kí ló ṣe é? Ta ló ni ín? Ta ló mọ̀ pé ẹ gbé e jáde? Lẹ́yìn náà, a ó fi okùn so ọjà náà, a ó gbé e kọ́ sórí igi ìyeyè kan tó wà létí títì fún ọjọ́ márùn-ún, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ọ̀gá á dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá mú un!" Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, ìgbà náà la tó lè fi òòlù kàn án. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkòròdú máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní igi ìyeyè Kétu ti so ìkòkò.

Mo bi Ọ̀gá lọ́jọ́ kan ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì wà ní ọ̀dọ́, àwọn ra àwo idẹ kan lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn sì lù ú fọ́ lójú ẹsẹ̀. Àṣé ohun kan ṣoṣo tí ìyá obìnrin kan ní Ìkòsì fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ni. Obìnrin náà dé, ó kó àfọ́kù idẹ náà sínú ìró rẹ̀, ó ń lọ, kò sọ̀rọ̀. "Ì bá bú mi, Múfú," Ọ̀gá wí. "Ì bá tiẹ̀ bú mi."

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ amúlétutù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó, ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó àti àwọn ilé ńláńlá. Àwa ò rí i ní Kétu, atẹ́gùn abẹ́ igi ti tó wa. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òkú rẹ̀ fi ń dé ọgbà wa. Inú rẹ̀ kún fún páìpù bàbà tó mọ́, tó sì rọ̀, oníbàárà wa tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Àpápá sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ọjà yòókù lọ. Bí àwọn olè ṣe rí i pé ó tà nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kúrò lára ògiri, wọ́n ń gbé e kọjá ààlà Èkó wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n rò pé òfin ò lè rìn dé Kétu.

Òfin rìn dé. Sájẹ́ǹtì kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìkẹjà, ó kó gbogbo onírin àlòkù jọ, ó sì là á yé wa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ amúlétutù bí irin àlòkù mọ́ àfi tó bá mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹni tó máa rà á gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, kó kọ orúkọ ẹni tó tà á àti àdúgbò rẹ̀ sínú ìwé, kó sì fi ọjà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kó tó gé e. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, ẹni tó ni láísẹ́ńsì ni ìjọba máa mú. Àwọn yòókù ń kùn. Ọ̀gá wa ń rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí igi ìyeyè mi ni," wọ́n wí. Wọ́n fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ra ìwé onílà kan, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni mo kàwé díẹ̀ nínú wa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọ̀gá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ kí àna wọn tó ń ṣàìsàn, wọ́n sì fi ọgbà sílẹ̀ fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí mi wú. Mo jókòó sórí àga wọn, mo fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo rí Bọ̀ọ̀dá Sámú tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Èkó, ẹni iyì sì ni wọ́n nínú ẹbí wa. Àwọn ló gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yìí, àpò kan ni wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n tú u. Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù ni, odindi, pẹ̀lú agolo dúdú tó máa ń so mọ́ ọn nísàlẹ̀.

"Múfú, ọ̀gá ẹ dà?"

"Wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́, sà."

"Ó dáa náà. Kọndẹ́m lèyí. Gáàsì inú ẹ̀ ti tán pátápátá, kò lè tutù mọ́. Wọ́n ní ká lọ dà á nù."

Mo wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní ká máa gba lẹ́tà."

Bọ̀ọ̀dá Sámú wò mí láti òkè délẹ̀. "Lẹ́tà? Lọ́wọ́ tèmi? Èmi gan-an ni lẹ́tà, Múfú."

Kí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa máa sọ sí ìyẹn? Èèyàn lè bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró síwájú àbúrò ìyá rẹ̀, kó ní ta ló mọ̀ pé ẹ gbé e jáde? Bí mo bá sì gbé e kọ́ sórí igi, gbogbo Kétu tó rí wọn lójú títì máa mọ ẹni tó gbé e wá. Lójú tèmi, àbúrò ìyá mi gan-an ni mo fẹ́ gbé kọ́ sórí igi yẹn. Mi ò bi ìbéèrè kankan. Mi ò kọ orúkọ sínú ìwé. Oníbàárà Àpápá ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì ní kí n tètè gé e kó dà pọ̀ mọ́ ọjà yòókù, kí ojú ẹnikẹ́ni má tó o.

Bọ̀ọ̀dá Sámú lọ tán, mo fi ṣísẹ́lì lé páìpù, mo fi òòlù kàn án. Ó fọn! Afẹ́fẹ́ kan tú jáde tó tutù ju ohunkóhun tí mo tíì fọwọ́ kàn lọ. Ìka ọwọ́ òsì mi méjì funfun, ó sì ń ta mí bí iná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìrora kọ́ ló mú mi jókòó. Bọ̀ọ̀dá Sámú ní gáàsì ti tán. Gáàsì ò tán. Ẹ̀rọ tó ti kú kì í mí, ààyè ni wọ́n tú eléyìí.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ó yẹ kí n gbé èyí tó kù kọ́ sórí igi, kí n ké pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo gé e tán, oníbàárà sì kó o lọ.

Ọjọ́ kẹta tí Ọ̀gá dé láti Ẹ̀pẹ́ ni sájẹ́ǹtì dé pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Èkó. Wọ́n ní ilé kan tí wọ́n ń kó oògùn sí ni wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà. Ooru wọlé, oògùn tí àwọn aláìsàn ń retí bàjẹ́ lódindi. Ọkùnrin yẹn ń tú òkìtì wa, títí ó fi rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí. Mo ti gbàgbé irin yẹn. Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé onílà wa, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Ta ló ta á fún yín?"

Mo ní, "Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ni, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá ò wo ojú mi. Ìka ọwọ́ mi tó ti lé róró ni wọ́n ń wò. Sájẹ́ǹtì gbá mi lọ́rùn aṣọ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ọ̀gá wí. "Ta lòfin yín ní kẹ́ ẹ mú?"

"Ẹni tó ni láísẹ́ńsì."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà."

Mo sáré délé. Mo sọ fún ìyá mi pé bí a bá dé kóòtù, màá dárúkọ Bọ̀ọ̀dá Sámú. Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Àwa méjì péré nìyá wa bí, Múfútáù. Sámú nìkan ni mo ní. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọ̀gá ẹ lẹ́nu láwùjọ, ó máa bọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dákẹ́."

Ìyá ẹni kúnlẹ̀ fúnni, kí lèèyàn tún ń fẹ́ rí? Mo gbé wọn dìde. Mo sì dákẹ́.

Ní kóòtù Ìkẹjà, májísíréètì gba ẹnu ògbufọ̀ béèrè pé ta ló ni láísẹ́ńsì yìí. Ọ̀gá Lámídì na ọwọ́ sókè. "Tèmi ni." Ó tún bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó ta ọjà náà. Ọ̀gá yíjú wá síbi tí mo jókòó sí láàárín èrò. Wọ́n dúró. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo wo ìka ọwọ́ mi. Ọ̀gá wá yíjú padà. "Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, sà. Ṣùgbọ́n ọgbà mi ni." Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo gba epo sílẹ̀, ẹlòmíràn ló bá mi ṣẹ̀wọ̀n. Ojú tì mí nígbà náà, ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Oṣù mẹ́ta yẹn, mo ń gbálẹ̀ ọgbà lójoojúmọ́ bí ẹni pé gbígbá lè tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí àgékù páìpù náà, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, tó yí wọ abẹ́ àgbá òjò. Ọjọ́ tí Ọ̀gá dé, wọ́n ti rù, irùngbọ̀n wọn ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè dìde. Mo na páìpù náà sí wọn láti ilẹ̀. "Ọ̀gá, èyí ló ṣẹ́kù."

Wọ́n gbà á. Mo rò pé wọ́n máa là á mọ́ mi lórí, mo sì fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn ni wọ́n ní kí n mú wá. Wọ́n gbé e kọ́ sórí igi ìyeyè, wọ́n dúró sábẹ́ rẹ̀, ohùn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ròkè mọ́: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá mú un."

Ọjọ́ méje pé. Wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀. Oṣù kan pé, ọdún kan pé, òjò rọ̀ sí i títí ó fi dúdú, tó sì wá di àwọ̀ ewé. A kó ọjà mìíràn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sọ wọ́n kalẹ̀, ó wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sámú ò gba títì Ìkòròdú mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ọ̀gá ò bi mí léèrè rí. Wọn ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe mí dáadáa, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá kọjá lábẹ́ igi yẹn, màá ní kí n sọ ọ́ lónìí. Màá rántí orúnkún ìyá mi nílẹ̀, màá sì kọjá.

Ọjọ́ tí mo gba òmìnira níṣẹ́, Ọ̀gá gbàdúrà fún mi, wọ́n gbé òòlù kan lé mi lọ́wọ́. "Tìrẹ nìyí." Wọ́n wá tọ́ka sókè. "Èyí tó wà lórí igi yẹn ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí àárẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Ó dáa," wọ́n wí. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi kú.

Mo dá ọgbà tèmi sílẹ̀, mo ṣe é lé ní ogójì ọdún. Ohun èlò yí padà lójú mi. Òòlù àti ṣísẹ́lì lọ, ayùn irin dé, iná gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin dé, òṣùwọ̀n tó ń fi iná kọ nọ́ńbà dé. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ń gbé àpò kiri lẹ́nu géètì Magodo, wọ́n ń ké "kọndẹ́m". Òfin ẹ́sì ṣì wà, wọ́n ń tún un kọ lákọ̀tun, àwọn ọmọ sì ń bú ìjọba pé ó fẹ́ fi ebi pa wọ́n. Mi ò bá wọn bú u. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ kan tí wọ́n tú láàyè lè gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Mo sì mọ̀ pé òfin yẹn ì bá gbà mí. Ká ní mo fi í bojú, tí mo ní "Bọ̀ọ̀dá, èmi kọ́, òfin ni," a ì bá gba ara wa lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó gbé bàbà wá láìmọ̀ yín rí ò ṣòroó bi. Ẹni tí ẹ bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ni kí ẹ ti kọ́ bí ẹ ṣe máa bi í.

Nígbà tí wọ́n fẹ títì, katakata wó igi ìyeyè náà. Mo dúró tì í títí tó fi balẹ̀, mo sì tú páìpù náà kúrò lára ẹ̀ka. Abẹ́ ibùsùn mi ló ti wà láti ọjọ́ náà. Ìyá mi ti lọ, Ọ̀gá ti lọ. Àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá Sámú wà ní Mende, ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọ́n á sì ka ìwé yìí. Kí wọ́n má bínú sí mi. Bàbá wọn kọ́ ni mo gbé kọ́.

Lánàá, mo ní kí ọmọ ọmọ mi fà á jáde kó sì mú okùn wá. Ó fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, yàtọ̀ sí ìyá mi, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ láyé. A so ó mọ́ òkè géètì mi, níwájú títì, ní ọ̀sán gangan. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún mi pariwo: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá mú un!" Ọmọ náà ń wo ọ̀nà, bóyá ẹnì kan máa yọjú. Mo na ọwọ́ òsì mi sókè, mo dì í mú.

Mo ní, "Tèmi ni."